Ìgò Ẹlẹ́yẹ Méjì Lórí Pẹpẹ

Thamesmead, London.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 2014.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara yín ńkọ́? Etí yín ńkọ́? Idiat aládùúgbò yín sọ fún mi pé ẹ ti gbé fóònù tí mo rà fún yín fún ọmọ òun, pé ẹ ní ohun tí ẹ kò lè gbọ́ kò yẹ kó máa dún nínú àpò yín. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú bí mi pẹ̀lú. Ẹ̀yin àti ẹ̀rọ ìlagi yẹn lẹ jọ dúró tí òun fi jẹ etí yín, èmi ni mo wá ń fi ọwọ́ kọ ohun tí mi ò bá fi ẹnu sọ. Ẹ dákun, ẹ lọ rí dókítà etí tí mo sọ fún yín lọ́dún tó kọjá.

Ní tiwa níbí, òjò kò dá láti ọdún tuntun. Ilé ìjọsìn wa ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ yẹn ní Thamesmead West, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún táyà ṣe. A máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ́ wa, òtútù á sì gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Mo ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo wà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé báyìí ni pé Mr. Dunn ti kú. Bàbá òyìnbó tí mo máa ń lọ wẹ̀ fún láràárọ̀ ní Abbey Wood ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wẹ̀ fún un. Nígbà tí mo bá ń fi ọṣẹ pa á lẹ́yìn, á bi mí pé ta ló ń wẹ̀ fún bàbá tèmi. Mo máa ń sọ fún un pé bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ balùwẹ̀ òun, á sì rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi dé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Helen, tíṣà ni ní Jàpáàn. Nígbà tó wá sìnkú, ó gbé àpótí onígi kan fún mi. Ó ní bàbá òun ló ní kí òun mú ẹ̀bùn bọ̀ láti ọ̀hún fún bàbá Mọ́wùnmí, nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ fún òun nígbà tí ọmọ tòun wà lọ́nà jíjìn. Ó ń sunkún bó ti ń sọ ọ́, mi ò lè bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé ìrẹsì àti omi ni wọ́n fi ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, pé wọ́n máa ń fún àwọn àgbà lọ́dún tuntun níbẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e síwájú pẹpẹ.

Bàbá, mi ò rí irú ìgò yìí rí. Tánganran funfun ni. Ẹyẹ méjì ló wà lára rẹ̀, ó dà bíi lékelèke, ṣùgbọ́n àtàrí wọn pupa, ọ̀kan ń fò, ọ̀kan dúró sínú omi. Wọ́n fi wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn ìgò náà ká. Ìwé wọn ni wọ́n kọ sí i láti òkè wá sísàlẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tí mo lè kà. Helen ní ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, pé kò sí ìkejì rẹ̀. Mo ṣí i wò díẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí èso tó pọ́n dáadáa. Mo wá tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an kí ó má baà dà lọ́nà, mo fi aṣọ funfun wé e.

Mama Felicia ìjọ wa ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé, òun ni yóò gbé e bọ̀. Ó kọ́kọ́ ní, “Mọ́wùnmí, kílò mi ti full o.” Ìgbà tó gbọ́ pé ti yín ni, ó yọ bàtà kan kúrò nínú àpò rẹ̀. Ẹ wo àpótí náà dáadáa. Mo wá ìṣó títí nínú rẹ̀, mi ò rí.

Ẹ kọ̀wé sí mi.

Ọmọ yín,
Mọ́wùnmí.


Oǹdó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, 2014.

Mọ́wùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ìjọ yín tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú òtútù. Ara mi le. Etí mi wà níbi tí o fi í sí. Ní ti fóònù, ọmọ Idiat ń gbọ́ ọ, èmi kò gbọ́ ọ. Nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó ni ín?

Kí n tó dúpẹ́, jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú mi. Ìrántí ọdún kẹta ìyá rẹ kọjá ní oṣù Kìn-ín-ní. O fi aṣọ ránṣẹ́, aṣọ náà dára, mo wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè dúró síbi ibojì kí ó dárin. Àwọn ènìyàn bi mí pé Mọ́wùnmí dà, mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti sọ gbólóhùn yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ti ń bá mi parí rẹ̀.

Mama Felicia dé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù náà fún mi. Àpótí ni mo kọ́kọ́ wò, mo sì wò ó fún ọjọ́ méjì kí n tó rántí pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn án mọ iṣẹ́. Ó gé ẹnu igi kan wọ inú èkejì, ó tẹ̀ ẹ́, ó parí. N kò rí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe káfíńtà, n kò kan àpótí kankan tí n kò fi ìṣó kún, mo sì máa ń pe ara mi ní ọ̀gá. Ìgò náà ńkọ́? Ìyẹ́ ẹyẹ náà, ẹni tó kùn ún kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

O mọ òfin ìjọ wa pé ohun olómi tó bá ti òkèèrè wá kì í di ṣíṣí nínú ilé àfi tó bá ti sùn lórí pẹpẹ. Mo gbé e lọ fún Wòlíì Enoch. Ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, mo na lẹ́tà rẹ sí i, ó kà á. Ìrẹsì àti omi, àwọn àgbà, iwájú pẹpẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé ìlú tó bá ń gbé omi ìrẹsì síwájú pẹpẹ, wọ́n ti mọ Ọlọ́run díẹ̀. Báyìí ni ìgò rẹ ṣe dé àárín àwọn àbẹ́là. Àwọn ènìyàn ń ti Ilé-Olújìí wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ tó kù rèé, má sì jẹ́ kó pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Bàbá Ìjọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé Àjíǹde ni, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin. Ṣíjúadé tí a jọ jẹ́ àgbà ìjọ náà fẹ́ ẹ. Ó ti ń wọ sùtánà tuntun láti oṣù Kejìlá, bí ẹni pé aṣọ ló ń jẹ oyè. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n mú, inú mi sì dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Oǹdó ni mo ti ń gbá ilẹ̀ ìjọ yẹn.

Bí a ti ń ṣe é ni pé Bàbá Ìjọ tuntun ni yóò kọ́kọ́ mu nínú ife omi tí a ti gbàdúrà sí, ife yóò sì wá yí àwọn àgbà ká. Wòlíì ti pinnu pé omi inú ìgò rẹ ni a óò lò lọ́dún yìí. Nítorí náà, tí o kò bá lè wá, mo gbà. Ohun tí o fi ránṣẹ́ yóò wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Akínbọ́lá.


Thamesmead, London.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin, 2014.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò kí yín bó ti yẹ. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kà á.

Òfin iṣẹ́ wa níbí ni pé tí ẹbí ẹni tí a tọ́jú bá fún wa ní nǹkan, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ́fíìsì. Ìbànújẹ́ Mr. Dunn kò jẹ́ kí n tètè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ. Máníjà wa bèèrè pé kí ni wọ́n fún mi, mo fi àwòrán rẹ̀ hàn án nínú fóònù mi. Ó ní ìgò náà rẹwà, ó wá bi mí bóyá bàbá mi fẹ́ràn ọtí. Mo ní bàbá mi kì í mutí, aláṣọ funfun ni. Ó tún àwòrán náà wò, ó ní ọtí ni. Sàké ni wọ́n ń pè é. Ìrẹsì àti omi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó kan, ó sì le ju bíà lọ dáadáa. Mo dúró síwájú tábìlì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́.

Helen kò purọ́ fún mi. Ó rò pé mo mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀, àfi èmi. Mo ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọtí ní Plumstead láti ọdún mẹ́jọ, mi ò wọ ibẹ̀ rí, mi ò sì yọjú wo ohun tí wọ́n ń tà.

Mo rò ó pé kí n pe Wòlíì Enoch. Tí n bá pè é, Ṣíjúadé á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ gbé ọtí gun orí pẹpẹ. Nítorí náà ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ ní ẹ fẹ́ nu eruku ara rẹ̀, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ yín. Tánganran ni, kò sí ẹni tí yóò bèèrè. Ẹ fi omi gbá a jáde kíákíá kí òórùn rẹ̀ má dúró. Ẹ dákun, ẹ má sún mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Kì í ṣe oyè nìkan ló ń bà mí lẹ́rù.

Bíyìí tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìlá. Mo ti ní kí ó fi lẹ́tà yìí lé ọwọ́ dírẹ́bà Oǹdó kan ní gáréèjì. Ó yẹ kí ó dé kí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n tó pé. Ọlọ́run jẹ́ kó dé.

Ọmọ yín,
Mọ́wùnmí.


Oǹdó.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 2014.

Mọ́wùnmí,

Mo kí ọ. Má ra nǹkan kan fún ìwúyè, má sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn àgbà. Ìwúyè kò sí mọ́.

Ìgò náà ti kúrò lórí pẹpẹ. Yàrá mi ló wà. Má bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Mama Felicia tàbí ẹlòmíràn, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ nígbà tí mo bá lè sọ ọ́. Ó rẹ̀ mí díẹ̀.

Bàbá rẹ,
Akínbọ́lá.


Thamesmead, London.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, 2014.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo wá ìlà kan nínú rẹ̀ tí yóò sọ fún mi bóyá tèmi dé ọwọ́ yín, mi ò rí. Bíyìí ní òun fún dírẹ́bà, dírẹ́bà ní òun fún ẹnì kan ní gáréèjì Oǹdó, ẹnì kan yẹn kò ní orúkọ.

Mo pe Idiat. Mi ò sọ nǹkan kan fún un, mo kàn ní báwo ni bàbá mi. Ó ní ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé tí àlejò bá dé, ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn láti inú. Ó ní òun rò pé ẹ̀ ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹ jáde lọ́jọ́ kan, ẹ dúró sí ẹ̀bá títì fún ìgbà pípẹ́, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fi nǹkan kún un, ó tún gbé e mì. Mo lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn nínú mi, mo wẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin, mi ò rántí ojú ẹnì kan nínú wọn.

Bàbá, mo mọ ohun tó wà láàrin ẹ̀yin àti ọtí. Ìyá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀, mo sì ti pa á mọ́ títí di òní. Wọ́n sọ pé nígbà tí a wà ní Òkìtìpupa, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ògógóró tí wọn kò mọ orúkọ yín. Wọ́n sọ pé lọ́dún 1983, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ gbé mi lọ síbẹ̀, ẹ mu tán, ẹ dìde, ẹ sì gbàgbé mi sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìyá mi ló wá mi rí ní ìrọ̀lẹ́, mo ń sùn, mo di igbá ọtí mú. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni ẹ búra, pé oṣù yẹn náà la kó kúrò, a wá sí Oǹdó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá.

Mi ò rántí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bàbá tí mo mọ̀ ni èyí tó ń jí gbá ilẹ̀ ìjọ. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nítorí mi, èmi náà ni mo wá fi aṣọ funfun wé e, mo dì í sínú àpótí, mo fi í ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń bínú sí yín pé ẹ lè kọ̀wé pé ìgò wà ní yàrá, kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ dá mi lóhùn bó ti wù kó rí. Ṣé ẹ mu ún?

Ọmọ yín,
Mọ́wùnmí.


Oǹdó.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2014.

Mọ́wùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ. N kò mu ún.

Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè ka ìyókù ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Lẹ́tà rẹ tí Bíyìí mú wá dé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí mo ti kọ èyí tó kúrú sí ọ. Gbogbo rẹ̀ ti parí nígbà náà. Bó ṣe rí rèé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Wòlíì Enoch fẹ́ mọ̀ bóyá omi inú ìgò yóò kárí àwọn àgbà. Ìdérí kò ṣí. O ní o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an. O tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Wọ́n gbìyànjú títí, wọ́n wá ránṣẹ́ pe káfíńtà. Mo fi ọ̀bẹ kékeré yí ẹnu rẹ̀ po, ó ṣí, kí n tó gbé ojú sókè, òórùn náà ti dé ibi tó ń lọ. Etí mi ló kú, imú mi kò kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Mọ́wùnmí, itọ́ kún ẹnu mi bí ẹni pé àná ni.

Wòlíì náà gbóòórùn rẹ̀. Ó pa ojú dé, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé òórùn ọ̀run nìyí. Ọmọ rere ni, inú ìjọ ni wọ́n bí i sí, kò mọ nǹkan kan. Mo wá rí i pé nínú àwa méjèèjì, èmi nìkan ló mọ̀. Tí mo bá dákẹ́, n ó mu ún lójú gbogbo ìjọ, wọn yóò sì dárin. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò bi mí bí mo ṣe mọ̀.

O ní kí n jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà ti rò ó kí o tó kọ ọ́. Mo gbé e dé àyà, sìmẹ́ńtì sì wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Ẹnì kan jókòó, ó fi sùúrù kun ìyẹ́ ẹyẹ yẹn. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti pa irọ́ tó tó lórí ọtí. Ìyá rẹ kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé rẹ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó bi mí pé ọmọ dà, mo ní mo fi ọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó tó máa wá ọ láti ilé ọtí dé ilé ọtí. Irọ́ yẹn ló ń dùn mí jù, kì í ṣe ọtí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo ìjọ pé, mo dìde. Mo ní, “Ọtí ni ohun tó wà lórí pẹpẹ yìí. Ọmọ mi kò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀.”

Ṣíjúadé dìde. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, n kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè jẹ́, mo sì dáhùn rẹ̀. Mo sọ Òkìtìpupa fún wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Mo dárúkọ rẹ, kí o má bínú. Nígbà tí mo sọ bí òórùn náà ti máa ń rí, mo wo ìjókòó àwọn àgbà, mo rí mẹ́ta tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Ṣíjúadé kò gbà. Ó bọ́ síwájú, ó gba ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí. Wòlíì kọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó sọ ni, “Òótọ́ ni.” Kí ó tó mọ ohun tó sọ, gbogbo ìjọ ti yíjú sí i. Sùtánà rẹ̀ dára púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà kò sí Bàbá Ìjọ. Wọ́n ṣì ń wá ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Wọ́n ní kí n jókòó sílé fi ọjọ́ mọ́kànlélógún gbàdúrà, nítorí pé mo fi ọ̀rọ̀ ara mi pamọ́ fún ìjọ. Mo gbà. Ohun tí Idiat rí nìyẹn. Ní ti ilẹ̀kùn, méjì nínú àwọn àgbà mẹ́ta yẹn ló ń wá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwòrán ara ìgò làwọn fẹ́ wò. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìgò náà wà ní yàrá mi pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. O ń bínú pé mo dákẹ́, o sì jàre. N kò dà á nù nítorí pé ẹni tí yóò dà á gbọ́dọ̀ ṣí i, n kò sì gbẹ́kẹ̀lé ara mi láti ṣí i nígbà tí mo wà ní èmi nìkan. Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ fún ọ nìyẹn nígbà náà. Ní ọjọ́ kejìlá, mo pe Idiat. Mùsùlùmí ni, òun náà kò fẹ́ kí ó kan òun, ó fi ọ̀rá wé ọwọ́ méjèèjì. Ó dà á sí ẹ̀yìn ilé. Èmi lọ dúró sí ẹ̀bá títì títí tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi gbẹ lábẹ́ oòrùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tó fi gbé ọ̀rọ̀ mì nígbà tí o pè é.

Ìgò náà wà lórí tábìlì báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá rẹ. N kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Kọ̀wé sí Helen, sọ fún un pé ẹ̀bùn bàbá rẹ̀ dé ọwọ́ mi, pé mò ń wò ó lójoojúmọ́. Kò yẹ kí ó mọ ìyókù. Tí o bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá. Gbogbo ìjọ ti mọ ọ́ báyìí, wọn kò ní bi mí mọ́ pé Mọ́wùnmí dà, wọn yóò ní ọmọ abẹ́ bẹ́ǹṣì dà.

Má rò pé oyè náà kò dùn mí. Ó dùn mí. Mo ti rán sùtánà tèmi náà, ó wà nínú àpótí aláìníìṣó yẹn. Ṣùgbọ́n mo tún lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ kà lánàá, mo sì dúró síbi tí o ti sọ̀rọ̀ òórùn rẹ̀. Láti ọdún 1983 ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa kí òórùn yẹn má wọlé. O dàgbà níbẹ̀, o di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, o ṣí ìgò ọtí lọ́wọ́ ara rẹ, o gbóòórùn rẹ̀, o sì rò pé èso ni.

Oyè tèmi nìyẹn.

Bàbá rẹ,
Akínbọ́lá.